Àáró Lẹ́yìn Kámẹ́rà

Kámẹ́rà tí wọ́n gbé wá sí Abẹ́òkúta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ fi ya fíìmù. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òṣogbo ni. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gbé kámẹ́rà lé, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ti yá a. Ẹni náà so àkísà pupa mọ́ ọn lọ́rùn kí ó má baà sọnù sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Iná méjì wá láti Ìbàdàn, pẹ̀lú ọmọ tó ni wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ti ìyá olùdarí ni, èyí tó fi ń mú omi tutù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n dá a padà kó tó di ìrọ̀lẹ́, kí àwọn oníbàárà òun má baà yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ní kí kálukú wá kó ẹrù rẹ̀, olùdarí nìkan ni ìbá ṣẹ́kù sí àgbàlá náà, òun àti ìwé ìtàn tó ká sápò.

Èmi náà wà lára ohun tí wọ́n yá. Òǹkọ̀wé ni mí, n kì í ṣe onífíìmù. Àmọ́ ọmọ àbúrò mi ni olùdarí yìí, ó ní ọwọ́ kò tó, ṣé mo lè bá wọn di pátákó funfun tí wọ́n fi ń da ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú òṣèré mú. Mo dì í mú láti àárọ̀ títí apá fi fẹ́ bọ́. Ìdí pátákó yẹn ni mo dúró sí tí mo fi rí ohun tí mò ń sọ yìí.

Mọ́kànlá ni wá láìka àwọn òṣèré. Ilé alájà àtijọ́ kan ní Ìtòkò la lò, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà bíi ti gbogbo àwọn páànù tí ènìyàn ń rí láti orí àpáta Olúmọ. Onílé kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn; ohun kan ṣoṣo tó bèèrè ni pé kí ojú òun náà hàn nínú fíìmù. Wọ́n ní kí ó mú pákò, kí ó máa rún un kọjá lẹ́yìn àwọn tó ń jà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló kọjá, pákò méjì ló rún tán, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

Oníkámẹ́rà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ó lè rí ẹsẹ̀ òṣèré bó ṣe ń wọlé. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́, gbogbo ohun tó bá ti wà lójú àwòrán ló ń kọ sílẹ̀: ife wà lọ́wọ́ ọ̀tún, omi inú rẹ̀ dé ìdajì, fìlà bàbá gẹ̀ sí òsì, bọ́tìnnì kejì ò dè. Bí wọ́n bá tún apá yẹn yà lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, tí omi inú ife wá kún dé ẹnu, àwọn òǹwòran á rí i, wọn ò sì ní dákẹ́. Mo bi í léèrè iye tí wọ́n ń san fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Owó ọkọ̀ ni o, Bàbá. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, tèmi là ń yà."

Àwọn àgbẹ̀ ló ni orúkọ ohun tí ọmọ yẹn sọ. Àáró ni. Bí ọ̀rẹ́ márùn-ún bá ní oko nítòsí ara wọn, wọ́n á jọ kọ ebè lóko ẹni kìíní lónìí, wọ́n á bọ́ sí ti ẹni kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Owó kì í wọ̀ ọ́, ìwé kì í wọ̀ ọ́. Àmọ́ ìṣirò wà níbẹ̀, ó sì le ju ti báǹkì lọ, torí ẹni tí wọ́n bá ṣe tirẹ̀ tán, tó wá ní ẹ̀yìn ń dun òun lọ́jọ́ tẹlòmíràn, ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò máa sọ ọ́ fún. Àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Ẹnì kan ló ń bẹ̀ ọ̀wẹ̀, bóyá ó fẹ́ kọ́ ilé fún àna rẹ̀. Á gún iyán, á gbé ẹmu kalẹ̀, èrò á ya bò ó, ó parí síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ló ń ṣe àáró, àwọn tí ọkọ́ wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Nínú iṣẹ́ tíátà, Hubert Ògúndé kò nílò àáró. Nígbà tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láàárín ọdún 1940 sí 1950, tó gbájú mọ́ tíátà, agbo ilé rẹ̀ ló fi ṣe ẹgbẹ́: àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ṣeré, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú. Àmọ́ nígbà tí tíátà bọ́ sínú fíìmù, agbo ilé kan kò ká a mọ́. Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní 1976, tí Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé ń pè ní Adé Love ṣeré nínú rẹ̀, ló ṣí ọ̀nà. Ayé ti Ògúndé tẹ̀lé e ní 1979. Kámẹ́rà tí wọ́n nílò kò sí nílé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kò pọ̀. Fíìmù tí wọ́n bá sì yà tán, òkè òkun ni wọ́n ń kó o lọ fọ̀, wọn kò sì ní mọ̀ bóyá àwòrán mọ́ tàbí kò mọ́ àfi tó bá dé. Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ tó gbin iṣu tó ní láti kọ̀wé sí London kó tó mọ̀ bóyá ó ta.

Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ kámẹ́rà lò ti jáde. WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, di ilé ìkọ́ṣẹ́ fún wọn. Ibẹ̀ ni Túndé Kèlání ti gbé kámẹ́rà kọ́ èjìká kó tó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní London. Lónìí, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, Ti Olúwa Nilẹ̀ ló ń rántí, tàbí Ó Le Kú, tàbí Ṣaworoidẹ. Àmọ́ kí ó tó ní ilé iṣẹ́ Mainframe tirẹ̀, fíìmù onífíìmù ló ń yà. Ó ya Ìyá Ni Wúrà, ó ya Ìwà, ó ya Taxi Driver. Taxi Driver yìí, ti Adé Love ni, ó jáde ní 1983.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Adé Love kú ní 1996. Ní 1999, Kèlání gbé Ṣaworoidẹ jáde, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò tíì ṣeré nínú fíìmù rí. Kúnlé Afọláyan ni, ọmọ Adé Love. Mi ò sọ pé gbèsè ni wọ́n san. Bóyá ojú bàbá ni Kèlání rí lára ọmọ, bóyá ẹ̀bùn ọmọ fúnra rẹ̀ ni, èmi ò bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe àáró rí, bó bá rí i, á dá a mọ̀. Ọmọ yẹn náà ti di ọ̀gá báyìí. Ó ti kọ́ odidi abúlé kan fún yíya fíìmù ní Òkè-Ògùn, Aníkúlápó rẹ̀ tó jáde ní 2022 sì ti dé ojú àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan rí.

Àwọn òṣèré náà ní tiwọn, ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tò. Ẹni tó bá ń wo fíìmù Yorùbá á ti gbọ́ nípa Odùnfà l'Ékòó, ẹgbẹ́ Yinka Quadri àti Taiwo Hassan tí a mọ̀ sí Ògògó. Ẹ óò rí àgbà òṣèré tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú méjì péré ló fi yọjú nínú fíìmù ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀: ó wọlé, ó jókòó, ó gba tọkọtaya tó ń jà nímọ̀ràn, ó gbọn agbádá, ó jáde. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ló máa ta fíìmù náà. Tí ẹ bá sì fẹ́ rí ìwé gbèsè wọn, ẹ má tíì pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tí eré bá parí. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dìde lọ tọ̀ ni orúkọ máa ń gòkè lọ: a dúpẹ́ lọ́wọ́ kábíyèsí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá oníràísì, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yá wa ní aṣọ ọlọ́pàá. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọpẹ́ fẹ́ẹ̀ gùn ju eré lọ. Èmi máa ń kà á tán.

Ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń dá iṣẹ́ fídíò ṣe, tí wọn kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kankan, òde ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń jẹun. Sátidé ló ń bọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń ro fíìmù. Òde tiwa kò sì rọrùn fún kámẹ́rà. Ìyàwó dúdú mìníjọ̀, ó wọ léèsì tó funfun báláú. Bí kámẹ́rà bá tẹ̀lé aṣọ, ojú ìyàwó á ṣókùnkùn. Bó bá tẹ̀lé ojú, iṣẹ́ ara léèsì á parẹ́, á dà bí ẹfun. Ojú ni kí o tẹ̀lé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún ara wọn, torí ojú ni ìyá ìyàwó máa kọ́kọ́ wá wò. Ẹ wá wo ti máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ bàbá ìyàwó láyà. Agbádá tí wọ́n ti lù, tó ti gan pẹ̀lú sítáàṣì, ní gbogbo ìgbà tí bàbá bá ká a sí èjìká ló ń pariwo bí ewé tẹ́ẹ́kì gbígbẹ. Inú bùbá ni kí o há a sí, kí o fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, kó má baà máa fara gbo agbádá. Onídùndún ńkọ́? Á rọra máa ki ìyá ọkọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfi wàì, á na ìlù mọ́ ọ létí. Ẹni tí kò bá ti fa agbára máìkì wálẹ̀ ṣáájú, oríkì yẹn ti fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwé tó bá kámẹ́rà wá láti Jàpáàn kò kọ èyíkéyìí nínú wọn sílẹ̀. Ẹnu ara wọn ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Oníkámẹ́rà wa ní Abẹ́òkúta, ọmọ Ìlọrin, sọ ti ara rẹ̀ fún mi nígbà tí a ń jẹun. Ó ya ìgbéyàwó kan nínú gbọ̀ngàn, ó délé, ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó rí i tí ìlà dúdú ń rọra gòkè lójú gbogbo àwòrán, bí ẹni ń fa aṣọ fèrèsé. Àyà rẹ̀ já. Ó rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́, kámẹ́rà ọ̀hún kì í sì í ṣe tirẹ̀. Aago mọ́kànlá òru ló fi í sí àárín ẹgbẹ́ wọn lórí WhatsApp. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnì kan ní Àkúrẹ́, tí wọn ò fojú kan ara wọn rí, fi dá a lóhùn pé, "Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Ṣọ́tà rẹ wà lórí 60. Gbé e sí 50. Iná tiwa kì í ṣe ti Amẹ́ríkà." Bẹ́ẹ̀ ló rí: ṣọ́tà, ìyẹn ojú tí kámẹ́rà ń ṣí tó ń pa láti gba ìmọ́lẹ̀, kò bá iná mu. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Amẹ́ríkà ń ṣe é nígbà 60. Ojú tiwa kò rí i, kámẹ́rà ń rí i, pàápàá lábẹ́ iná ọ̀pá gbọọrọ tó kún inú àwọn gbọ̀ngàn wa. Ẹni Àkúrẹ́ náà kò sì fi í mọ síbẹ̀. Ó ní kó fi èyí tó ti bàjẹ́ ránṣẹ́, òun á wò ó bóyá òun lè rọra pa ìlà náà rẹ́.

"Ẹ sì ti wá ríra yín?" ni mo bi í.

Ó fi ìka tọ́ka sí ọkùnrin tó ń fa egungun ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, tó fi ẹ̀rọ agbóhùn kọ́ ọrùn, tó gbé ọ̀pá máìkì gbọọrọ lé ẹsẹ̀. Àkúrẹ́ ló ti wá ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì nítorí owó ọkọ̀.

Ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé sílẹ̀ náà dá sí i. Ó ní òun ti yọ káàdì kámẹ́rà rí lẹ́yìn ìsìnkú bàbá olóyè kan, ó ṣófo. Òun ti fẹ́ máa sunkún. Àwọn ẹgbẹ́ òun ló pariwo mọ́ òun pé kí òun má ya ohunkóhun sí i mọ́, kí òun yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ohun tí mo gbọ́ yé lọ́jọ́ náà ni pé bí káàdì bá pa àwòrán rẹ́, orúkọ ló ń yọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ayálégbé ṣì sùn sínú yàrá, ó di ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹlòmíràn wọlé kí ó tó kẹ́rù. Ẹnì kan ní Ṣàgámù bá a wá gbogbo rẹ̀ jáde. Ijó àwọn ọmọ olóògbé nìkan ni kò rí. "Wọ́n ò tilẹ̀ mọ̀," ló wí, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

N kò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Àáró ní olè. Ọmọ àbúrò mi ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin rí fún ẹnì kan tó gun ọkọ̀ jíìpù wá sí lókéṣọ̀n, tó ní owó kò sí nílẹ̀ o, àmọ́ iṣẹ́ náà máa gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Orúkọ jáde lóòótọ́. Wọ́n ṣì í kọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń pè é ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀, inú sì máa ń bí mi, torí kò ní wá bá ẹnikẹ́ni ru iná lọ́jọ́ kankan. Kò sí oko ọmọ yìí nínú ìṣirò tirẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà tí àáró kò lágbára lé lórí, ìyẹn ọjà. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, kó gbogbo ohun tó ní sínú Ọ̀run Móoru ní 1982, tọ̀rẹ́-tẹbí ló sì fi ṣe é, àfi bí àwọn olè ṣe ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà á káàkiri. Gbèsè ló fi ṣèrè jẹ.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ya ibi tó le jù nínú ìtàn náà. Ìyá àgbà kan, òṣèré láti ayé tíátà, jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fẹ́ sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé ọkọ òun ti lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, wọ́n sì pa jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀. Ó gbójú sókè, omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó sọ ọ́. Ọ̀kadà kan sì kọjá ní títì, bùrùùù.

Olùdarí ní ó dára. Oníkámẹ́rà ní ó dára. Èmi tí mo di pátákó mú, omi ti bọ́ lójú tèmi. Ará Àkúrẹ́ nìkan ló ń mi orí lábẹ́ ẹ̀rọ tó fi bo etí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ bá mi tún un sọ. Mi ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló lọ ni àbí ọkọ."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín, Màmá gan-an rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Àmọ́ òótọ́ ló sọ. Èdè tiwa, òkè àti ilẹ̀ ohùn ló fi ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀, àti ọkọ̀ lára ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko. Bí ariwo ọ̀kadà bá gun orí ohùn Màmá, ẹni tó jókòó sílé ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Peckham ní London á máa ṣe kàyééfì ìdí tí ìyá arúgbó fi ń sunkún nítorí mọ́tò. Ó gbà wọ́n ní ogójì ìṣẹ́jú kí ẹkún tó tún wá sójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kùn. Ọmọ tó ni iná bọ́ sí ìta, ó dúró sójú títì, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ àwọn ọlọ́kadà lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú kan péré." Wọ́n ń dúró. Ọ̀kan tilẹ̀ pa ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá yọjú wò wọ́n láti orí odi.

Aago márùn-ún kọjá, ìyá olùdarí ti pè lẹ́ẹ̀mejì nítorí jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ti ń ká wáyà, ọmọbìnrin náà ti pa ìwé rẹ̀ dé, nígbà tí ará Àkúrẹ́ ní kí ẹnikẹ́ni má lọ o, òun kò tíì gba ohùn ilé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n tún fẹ́ sọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ibi ló ní bí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ṣe ń dún, ló sọ fún mi, wọ́n sì nílò rẹ̀ láti fi dí àlàfo àárín ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń to fíìmù pọ̀. Kí kálukú dúró síbi tó bá wà, kó má mira, fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú.

A dúró. Oníkámẹ́rà di àkísà pupa mú lọ́wọ́ kan. Ọmọ tó ni iná gbé ẹsẹ̀ kan sókè tí kò gbé e kalẹ̀ mọ́. Màmá pa ojú dé. Onílé wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pákò tó fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Páànù ń tutù lórí wa, ó ń ta ká, ká, ewúrẹ́ kan sì ń họ ara rẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ará Àkúrẹ́ na ọ̀pá máìkì rẹ̀ sí agbedeméjì àgbàlá, sí ibi tí kò sí ẹnì kankan, ó sì ń tẹ́tí.